Egbò Tó Ti Jinná Tí Mo Ṣì Ń Di Aṣọ Mọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, mo kí yín. Ohun kan wà lọ́kàn mi tí kò jẹ́ kí oúnjẹ dùn lẹ́nu mi láti bí ọdún kan. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àlùfáà ìjọ wa kò gbọ́ ọ, ọmọ tí mo bí kò gbọ́ ọ. Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí ni pé oṣù tó ń bọ̀ ni àwọn ẹbí mi fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi níwájú gbogbo ènìyàn, lórí ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé èmi ló yẹ kí n kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó bú mi.

Aránṣọ ni mí, Savalou ni mò ń gbé. Bantè ni wọ́n ti bí mi. Ọkọ mi ti kú, ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní sì ti lọ sílé ọkọ ní Parakou. Èmi àti ẹ̀rọ ìránṣọ mi la jọ kù nílé. Mi ò sọ èyí kí ẹ lè káàánú mi o. Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí ilé náà ṣe rí kí ajá tó wọ̀ ọ́ ni.

Bàbá mi jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Bantè ló ń gbé, nínú ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi Fẹ́líìsì, tí òun náà jẹ́ tíṣà, àti ìyàwó rẹ̀ Kírísítíìnì. Ojú rẹ̀ ti bàjẹ́. Ó lè mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́, ó lè mọ̀ pé ẹnì kan dúró níwájú òun, ṣùgbọ́n kò lè mọ ẹni náà títí onítọ̀hún yóò fi sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ kú lọ́dún tí wọ́n bí mi, nítorí náà Ìyá mi ni bàbá mi máa ń pè mí, láti kékeré títí mo fi di ìyá ìyàwó.

Ó ní ajá mẹ́ta. Ẹ mọ bí àwọn àgbà wa ṣe ń sọ ajá lórúkọ, tí wọ́n ń fi orúkọ ajá bá aládùúgbò sọ̀rọ̀. Gbọ́tìrẹ ni ó pe àkọ́kọ́, nítorí obìnrin kan tó ń yọjú lórí ògiri wa ní gbogbo ìgbà tí ọbẹ̀ bá ń ta sánsán. Bí bàbá mi bá ti pe ajá yẹn, obìnrin náà á rọra wọlé. Ẹ̀yinlẹmọ̀ ni èkejì, nítorí àwọn ìgbìmọ̀ ìjọ tí kò gba ìmọ̀ràn rẹ̀ nígbà kan. Ẹ̀kẹta ń jẹ́ Dúródèmí. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ sí ẹnikẹ́ni. Ajá yẹn gan-an ni bàbá mi ń bá sọ̀rọ̀.

Dúródèmí ló ń mú un lọ sí oko kajú rẹ̀ ní ọ̀nà Lougba. Àwọn méjì yòókù á ti sáré tẹ̀lé alángbá wọ igbó. Dúródèmí nìkan ló máa ń rìn níwájú rẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan ẹsẹ̀ kan. Bí kò bá gbọ́ ìró ọ̀pá mọ́, á dúró. Bí ọ̀pá bá ti kan ìdí rẹ̀, á tún máa lọ. Báyìí ni wọ́n ṣe ń dé oko, báyìí náà ni wọ́n ṣe ń padà.

Ní ọ̀sán, bí wọ́n bá gbé iyán dé iwájú bàbá mi, á kọ́kọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ bu òkèlè mẹ́ta. Á pe orúkọ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ajá tí kò bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ kò ní fi imú kan oúnjẹ.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà òjò. Ẹnì kan dẹ pàkúté ọ̀yà sí ẹ̀gbẹ́ oko kajú, ó sì mú Dúródèmí ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Wọ́n tú u sílẹ̀, wọ́n fi omi ṣan án, wọ́n fi àdí sí i. Bàbá mi ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún àwọn méjì yòókù, pé ahọ́n ajá ni oògùn ajá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú.

Nígbà tí mo lọ kí wọn ní ọjọ́ Àìkú kan, egbò náà ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo gbóòórùn rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Dúródèmí dùbúlẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, Gbọ́tìrẹ wà lápá ọ̀tún, Ẹ̀yinlẹmọ̀ wà lápá òsì, wọ́n ń lá ẹsẹ̀ rẹ̀ tọkàntọkàn. Ẹran ibẹ̀ pupa, ó tutù, eṣinṣin bò ó. Kírísítíìnì ní òun ti gbìyànjú láti yà wọ́n sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn láti lọ bá a.

Mo pe dókítà ẹran kan tí mo mọ̀ ní Savalou lórí fóònù. Ó ní àwọn ajá yẹn kò ní èrò burúkú, wọ́n rò pé àwọn ń wò ó ni, ṣùgbọ́n egbò tí ahọ́n ń rin lójoojúmọ́ kò lè gbẹ. Ó ní kí wọ́n gbé e kúrò láàárín wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹsẹ̀ yẹn máa jẹrà.

Bàbá mi kò fẹ́. A jọ fà á títí oòrùn fi yí. Nígbà tó yá, ó ní kí wọ́n gbé ajá náà wá sí itan òun. Ó fọwọ́ pa á lórí, ó fọwọ́ wá egbò náà títí ó fi kàn án, ajá náà sì ké. Ìgbà yẹn ló gbà.

Ó ní, "Ìyá mi, mú un lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá ti gbẹ, o ò gbọdọ̀ jẹ́ kó sùn síbẹ̀. Dá a padà fún mi."

Mo ní, "Mo gbọ́, Bàbá."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. Mo fi ẹnu mi sọ pé mo gbọ́.

Alùpùpù akérò tí à ń pè ní sẹ́míjàn ni mo fi gbé e dé Savalou. Mo fi aṣọ wé e, mo gbé e sáàárín èmi àti ọlọ́kọ̀. Ará Máhì ni ọkùnrin náà, ó ń fi mí rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà pé òun kò tíì gbé èrò tó ń rùn tó báyìí rí. Ajá náà gbé àgbọ̀n lé èjìká ọlọ́kọ̀ títí a fi délé.

Mo tọ́jú rẹ̀. Lórí èyí, mi ò parọ́. Omi gbígbóná tó ti tutù, tí mo fi iyọ̀ díẹ̀ sí, ni mo fi ń fọ̀ ọ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Mo ń fi oògùn aláwọ̀ àlùkò tí dókítà fún mi kùn ún, mo sì ń fi aṣọ funfun tó mọ́ dì í. Kó má baà lá a fúnra rẹ̀, mo gé ìdí bídọ̀n kan, ike tí wọ́n ń rọ òróró sí, kúrò, mo rán aṣọ mọ́ etí rẹ̀ yíká kó má baà gé e, mo sì fi bọ̀ ọ́ lọ́rùn. Àwọn oníbàárà mi ń rẹ́rìn-ín. Ó dà bí ẹni tó ti orí bọ ìkòkò tí kò sì rí i yọ.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, kò sí ìyàtọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo rí i pé omi tó ń jáde nínú egbò náà ti dín kù. Lẹ́yìn náà ni awọ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti etí egbò, díẹ̀díẹ̀, títí egbò náà kò fi ju èékánná lọ. Lójoojúmọ́ ni mo ń fojú wọ̀n ọ́. Inú mi máa ń dùn bí ìgbà tí mo bá rán aṣọ tó bá ènìyàn lára mu.

Bí mo bá ń ránṣọ, ó máa ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí mò ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lára ẹ̀rọ. Mo ń tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí n má baà jí i. Ẹ ò lè mọ̀, àfi tí ẹ bá ti dá gbé rí. Ó ti pẹ́ tí ohun ẹlẹ́mìí ti mí sí ẹsẹ̀ mi.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ajá nìkan. Ibi tó nira fún mi láti sọ nìyí.

Kí ajá náà tó dé ọ̀dọ̀ mi, bàbá mi kì í pè mí. Bí ẹnì kan bá kú tàbí bí ẹnì kan bá fẹ́ gbéyàwó, Fẹ́líìsì ló ń pè. Kì í ṣe pé bàbá mi kò fẹ́ràn mi. Bí ó ṣe rí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin, ọ̀rọ̀ oko, ọ̀rọ̀ ilé, Fẹ́líìsì ló ń bá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Dúródèmí wà lọ́dọ̀ mi, ojoojúmọ́ ló ń gba fóònù Kírísítíìnì lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Á ní, "Ìyá mi, ṣé ó ti gbẹ?"

Mo máa ń sọ bí egbò náà ṣe rí fún un. Lẹ́yìn náà á béèrè ohun tí mo jẹ. Á béèrè irú aṣọ tí mò ń rán. Lọ́jọ́ kan, ó sọ fún mi bí ìyá tó bí mi ṣe rí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí i lójú ọ̀nà Pira, tó ru iṣu, tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, mi ò gbọ́ ìtàn yẹn rí. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ mi, mo sunkún ayọ̀.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méje, egbò náà jinná. Awọ bò ó pátá, irun funfun díẹ̀ hù síbẹ̀ láàárín irun dúdú. Dókítà wò ó, ó ní kò sí ohun tó kù. Mo wẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ Sátidé, pé lọ́jọ́ kejì la máa lọ sí Bantè. Òjò ńlá rọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú yẹn. Mo ní kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ní ọ̀sán, bàbá mi pè. Ó ní ṣé ó ti gbẹ? Ẹnu mi ṣí, ohun tó jáde níbẹ̀ ni pé, "Ó kù díẹ̀, Bàbá."

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbèrò rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo rò pé ọ̀sẹ̀ kan péré ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan pé, mo ronú sí i pé lọ́jọ́ tí mo bá dá ajá yẹn padà, fóònù mi kò ní dún mọ́ lọ́sàn-án. Mo tún ní ó kù díẹ̀.

Oṣù kan kọjá. Fẹ́líìsì wá ṣe ìpàdé àwọn tíṣà ní Savalou, ó sì pè pé òun ń bọ̀ wá wo ajá. Mo mú aṣọ funfun, mo fi oògùn àlùkò kùn ún díẹ̀, mo dì í mọ́ ẹsẹ̀ tí kò ní nǹkankan. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé bí mo ṣe dì í tán, ajá náà bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Ara rẹ̀ ti mọ̀ pé bí aṣọ bá wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ ń dun òun. Fẹ́líìsì wò ó, ó mi orí, ó ní mò ń gbìyànjú gidi. Nígbà tó lọ, mo tú aṣọ náà, ajá sì sáré jáde bíi ti tẹ́lẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá ti Bantè wá, mo ń di aṣọ mọ́ ọn kó tó wọlé.

Ní àsìkò yẹn ni Kírísítíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi pé Bàbá kò lọ sóko mọ́. Ó ní ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú Gbọ́tìrẹ, Gbọ́tìrẹ sá tẹ̀lé nǹkan wọ igbó, bàbá mi sì rìn wọ inú oko ẹ̀gẹ́ ẹlòmíràn. Ibẹ̀ ló dúró sí títí àwọn èèyàn fi rí i. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa òun lọ́wọ́. Ẹnu ọ̀nà ló ń jókòó sí báyìí. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì pa fóònù.

Ẹ ṣì máa bínú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan, bàbá mi pè mí, ohùn rẹ̀ le, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní òun ti rí ohun tó ń fa ìdádúró. Ó ní ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá dá Dúródèmí padà, àwọn méjì yẹn á tún lá egbò rẹ̀ títí á fi bàjẹ́. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀. Ó ní òun ti fún ọkùnrin àgbẹ̀ kan ní Atokoligbé ní Ẹ̀yinlẹmọ̀, torí ajá yẹn ló ń lá egbò náà jù, àti pé òun á so Gbọ́tìrẹ mọ́ igi.

Ó ní, "Kò sí ìdíwọ́ mọ́, Ìyá mi. Mú un bọ̀."

Ẹ̀yinlẹmọ̀ ti tó ọdún mẹ́sàn-án ní ilé wa. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló fi wàrà tọ́ ọ dàgbà. Ó lé e jáde nítorí egbò tí kò sí.

Mo sì tún sọ pé ó kù díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní àwáwí fún ìyẹn. Ojú ti mí débi pé mi ò lè dá ajá náà padà mọ́. Bí mo bá dá a padà lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú irun tó ti hù bò ó, ọwọ́ bàbá mi á kàn án, á mọ̀. Ojú rẹ̀ kò ríran, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò fọ́jú.

Mo wá dá ọjọ́ kan fún ara mi. Mo ní bí kajú bá ti yọ òdòdó, màá mú un lọ, màá sì jẹ́wọ́. Bàbá mi fẹ́ràn òórùn òdòdó kajú. Ó máa ń sọ pé ojú kò wúlò fún ìyẹn. Ọyẹ́ dé. Kajú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òdòdó. Mo rán aṣọ tí mo fẹ́ wọ̀ lọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní kùtùkùtù, fóònù dún. Fẹ́líìsì ni. Ó ní Bàbá kò jí.

Wọ́n ní ọjọ́ orí ni. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru tipẹ́. Mo fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀.

Mo gbé Dúródèmí dání lọ síbi ìsìnkú. Kí n tó wọ Bantè, mo ní kí ọlọ́kọ̀ dúró. Mo sọ̀ kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo sì di aṣọ funfun mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ṣe é. Bàbá mi ti kú, mo ṣì ń di aṣọ.

Ajá náà tiro wọ inú ọgbà. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó lọ tààrà sí àga bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó fi imú kan ọ̀pá tó wà níbẹ̀, ó sì yí ìdí rẹ̀ sí i, bó ṣe máa ń ṣe bí ó bá ń dúró dè é. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin bú sẹ́kún. Wọ́n ń sọ pé, ẹ wò ó, pẹ̀lú egbò lẹ́sẹ̀, ó wá.

Kírísítíìnì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní òun fẹ́ kí n mọ̀ pé ojoojúmọ́, títí di ọ̀sán tó ṣáájú ikú rẹ̀, Bàbá ń bu òkèlè àwọn ajá. Lẹ́yìn tí Ẹ̀yinlẹmọ̀ lọ, ó dín in kù láti mẹ́ta sí méjì. Á pe Gbọ́tìrẹ, Gbọ́tìrẹ á jẹ tirẹ̀. Á pe Dúródèmí, á sì gbé òkèlè yẹn sí ẹ̀gbẹ́ àga. Adìyẹ ló ń jẹ ẹ́. Kírísítíìnì rò pé ìyẹn á tù mí nínú.

Ní oṣù tó ń bọ̀, ọdún kan á pé. Ìsìn á wà, àwọn ẹbí láti Pira àti Lougba á wá. Fẹ́líìsì ní òun fẹ́ pè mí síta lẹ́yìn ìsìn, kí gbogbo wọn dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tó tọ́jú ohun tí Bàbá fẹ́ràn jù. Ó ní ajá náà ti di tèmi.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo lọ sí Atokoligbé láti lọ bẹ ọkùnrin àgbẹ̀ yẹn kó dá Ẹ̀yinlẹmọ̀ padà fún wa. Mo mú Dúródèmí dání, mo sì di aṣọ mọ́ ọn, torí ọkùnrin náà mọ Fẹ́líìsì. Ẹ̀yinlẹmọ̀ ti gbó, ó ti rù. Ó rí arákùnrin rẹ̀, ó ké, ó wá dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fi eyín fa aṣọ náà títí ó fi já, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lá ojú ibi tí egbò wà tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin náà sáré wá lé e, pé ó máa ba egbò jẹ́. Ó dé ibẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ ajá. Ó wo ojú mi. Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Kò dá ajá náà padà fún mi. Ó ní ẹni tó fi í fún òun nìkan ló lè gbà á.

Mo ti dáná sun aṣọ funfun náà nígbà tí mo délé. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n dìde níwájú ẹbí lọ́jọ́ yẹn kí n sọ ọ́? Ṣé kí n pe Fẹ́líìsì sọ́tọ̀ kó tó di ọjọ́ náà? Bí mo bá sọ ọ́, mo lè pàdánù ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo tó kù mí kù. Bí mi ò bá sọ ọ́, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, èmi á sì dúró níbẹ̀ gba ọpẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn bú mi kí ẹ sì kọjá lọ. Ẹ sọ èyí tí màá ṣe.

Fóònù mi kì í dún lọ́sàn-án mọ́. Ṣùgbọ́n bí àkókò náà bá ti tó, mo máa ń dá ẹ̀rọ mi dúró. Dúródèmí á gbé orí sókè, á máa wò mí. Èmi á sì dáhùn sókè nínú ilé, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí ni: Ó ti gbẹ, Bàbá. Ó ti gbẹ tipẹ́.